Dókítà Eyín àti Òpó Iná Gbogbo Ìlú

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé ojúkòkòrò kì í wọ ilé ọ̀mọ̀wé, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀. Ìtàn dókítà eyín kan ni mo fẹ́ sọ, ọkùnrin tó kàwé títí ìwé fi rẹ̀ ẹ́, tí ìwà rẹ̀ kò sì ju ti ọmọ tó ń jí ẹran nínú ìkòkò lọ.

Ọkọ̀ oníná ló dá gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Òun kọ́ ló kọ́kọ́ ra irú rẹ̀ nílùú kékeré yẹn, ṣùgbọ́n òun ló fi tirẹ̀ yangàn jù. Tó bá ń kọjá níwájú ilé epo, á rọra máa wa ọkọ̀, á sọ gíláàsì kalẹ̀, á wá máa mi orí sí àwọn tó tò síbẹ̀ bí ẹni ń wo òkú.

"Ẹ kú ìyà o," á wí. "Ọkọ̀ tèmi ò mepo."

Ó sọ ọ́ títí wọ́n fi sọ ọ́ di orúkọ fún un. Níwájú rẹ̀, Dókítà ni wọ́n ń pè é. Tó bá kẹ̀yìn, Kòmepo.

Ohun tí Kòmepo kì í sọ fún àwọn ará ilé epo ni pé òun ò ní ibi tóun ti lè ṣáájì ọkọ̀ náà nílé. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló ń gbé, lórí ilé ìtọ́jú eyín rẹ̀ gan-an. Onílé sì ti kìlọ̀ fún un pé ọjọ́ tóun bá rí wáyà tó gba ojú fèrèsé sọ̀ kalẹ̀ sí títì, ọjọ́ náà ló máa kó ẹrù rẹ̀. Bó ṣe ń fẹlá tó yẹn, òpó iná ìjọba ló ń gbé e ró.

Mẹ́ta ni òpó ìṣáájì tó wà nílùú. Ọ̀kan wà lẹ́yìn ilé káńsù. Ìyẹn lọ́ra bí ìgbín, wọ́n sì máa ń ti géètì mọ́ ọn bí iṣẹ́ bá ti parí. Ọ̀kan wà ní hòtẹ́ẹ̀lì, àwọn tó bá sùn síbẹ̀ nìkan ló sì wà fún. Èyí tó dáa jù ni ti ẹ̀gbẹ́ ilé ìkàwé. Kéèyàn tó jẹun ọ̀sán tán níbẹ̀, bátìrì ti kún. Gbogbo ìlú ló ni ín.

Gbogbo ìlú tó ni ín yìí ni Kòmepo ò lè gbé mì.

Ó máa ń dùn ún wọra tó bá débẹ̀ tó bá ọkọ̀ ẹlòmíì lẹ́nu wáyà. Ọkọ̀ nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ló sì sábà máa ń bá. Ọkọ̀ oníná kékeré kan ni, ilé ìwòsàn ló fún un kó máa fi lọ wo àwọn aboyún nílé. Ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ ti ha, okùn ni wọ́n sì fi so bọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ ò tíì ṣe tán?"

"Ó kù díẹ̀, Dókítà. Aboyún méjì ni mo fẹ́ lọ wò lẹ́yìn òkè."

"Ṣé wọn ò lè wá bá yín nílé ìwòsàn ni? Èmi náà ní àwọn tó ń dúró dè mí o."

"Eyín lè dúró, Dókítà." Agbẹ̀bí á rẹ́rìn-ín. "Ọmọ kì í dúró."

Ẹ̀rín yẹn máa ń bá a délé. Á bọ́ bàtà, á máa rìn káàkiri pálọ̀. "Wo irú ẹni tí wọ́n ń kó ọkọ̀ ìgbàlódé fún! Obìnrin tí kò mọ̀ ju kó tẹ́wọ́ gba ọmọ lọ!"

"Ọwọ́ yẹn náà ló gba ọmọ tiyín o," ìyàwó rẹ̀ á wí, láì gbójú sókè nínú aṣọ tó ń lọ̀.

Ìdẹwò dé lọ́jọ́ tí òpó ilé ìkàwé bàjẹ́ ní tòótọ́. Káńsù lẹ bébà mọ́ ọn pé kí ẹnikẹ́ni má lò ó. Nígbà tó yá, oníṣẹ́ iná káńsù wá, ó tún un ṣe, ó ń kánjú, ó gbàgbé bébà síbẹ̀. Kòmepo débẹ̀ lọ́sàn-án, ó ní kóun kàn dán an wò. Ó ki wáyà bọ ẹnu ọkọ̀, iná àwọ̀ ewé sì tàn.

Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Kò sí ẹni tó ń bọ̀. Ó dẹ àga sẹ́yìn, ó tan rédíò. Kò pẹ́, ọkọ̀ oníná kan yà wọlé. Awakọ̀ náà ka bébà láti ọ̀ọ́kán, ó pòṣé, ó yí orí ọkọ̀ padà. Kò tiẹ̀ wo wáyà tó wà lẹ́nu ọkọ̀ Kòmepo.

"Àgùntàn," Kòmepo sọ sínú ara rẹ̀. "Àgùntàn ni gbogbo wọn. Ohun tí wọ́n bá ti kà lára ògiri ni ìmọ̀ tiwọn."

Odidi ọ̀sẹ̀ yẹn, òun nìkan ló ń jẹ ayé níbẹ̀. Àfi ìgbà tí òjò rọ̀ tó já bébà náà dà sí gọ́tà. Ẹ wò ó, ó dun ọkùnrin yìí bí ẹni tí wọ́n jí nǹkan rẹ̀ gbé! Lọ́jọ́ kejì ó bá agbẹ̀bí lẹ́nu wáyà, ó sì tún bá ọkọ̀ tákísì kan tó ń dúró lẹ́yìn rẹ̀.

Kò dúró kí wọ́n ṣe tán. Ó padà sí ilé ìtọ́jú eyín, ó ti ilẹ̀kùn, ó jókòó sídìí ẹ̀rọ tó fi ń tẹ káàdì àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Èyí tó tẹ̀ jáde dára ju ti káńsù lọ. Àmì káńsù wà lókè rẹ̀ gbàgàdà. Ó fi ọ̀rá líle bò ó kí òjò má baà rí i gbé ṣe, ó sì lu ihò sí i, ó so okùn mọ́ ọn:

Ó TI BÀJẸ́. ẸNIKẸ́NI KÒ GBỌDỌ̀ FỌWỌ́ KÀN ÁN. ÀTÚNṢE Ń LỌ LỌ́WỌ́.

Ó ka gbólóhùn ìkẹyìn yẹn lẹ́ẹ̀mejì, inú rẹ̀ dùn sí i. Ẹ gbọ́ iṣẹ́ ọpọlọ àgbàlagbà!

Láti ọjọ́ náà lọ, ọ̀nà rẹ̀ là. Bó bá di ọ̀sán, á wa ọkọ̀ débẹ̀, á ṣí bébà kúrò lọ́rùn òpó, á ṣáájì, á jẹun rẹ̀ nínú ọkọ̀. Tó bá ṣe tán, á tún gbé bébà kọ́. Bí ẹnì kan bá bá a lẹ́nu ẹ̀, kì í wá irọ́ tì.

"Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún un ṣe ni," á wí, á sì fajú ro bí ẹni tó ń ṣàánú onítọ̀hún. "Ṣùgbọ́n ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jó ọkọ̀ mi lọ́wọ́ báyìí o. Tó bá ṣe èmi ni ẹ̀yin, mi ò ní sún mọ́ ọn."

Ẹ lè máa bi mí pé ṣé kò sí olùtọ́jú òpó ni. Ó wà! Oníṣẹ́ iná káńsù wá lọ́jọ́ kan, ó rí bébà, ó wọlé lọ bá obìnrin tó ń ṣọ́ ilé ìkàwé.

"Mà, kí ló tún ṣe òpó yìí tí ẹ gbé bébà kọ́ ọ?"

"Èmi kẹ̀? Mo rò pé ẹ̀yin lẹ gbé e kọ́."

"Rárá o. Bóyá ọ́fíìsì ni. Ẹ jẹ́ kí n lọ bi wọ́n."

Ọ́fíìsì ní bóyá ilé iṣẹ́ tó gbé òpó wá ni. Ilé iṣẹ́ tó gbé òpó wá ní àwọn ò mọ nǹkan kan, pé lójú tàwọn, òpó náà dá ṣáṣá. Fóònù tí àwọn ọlọ́kọ̀ fi ń wo òpó tó ń ṣiṣẹ́ pàápàá ń sọ pé ó dá ṣáṣá. Ṣùgbọ́n ta ló máa gba fóònù gbọ́, kó wá fi bébà tó lámì káńsù sílẹ̀? Báyìí ni wọ́n ń ti ọ̀rọ̀ náà láti orí tábìlì dé orí tábìlì, kò sì sí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tó na ọwọ́ kó yọ bébà. Kòmepo mọ irú wọn. Lórí ìwà ọ̀lẹ wọn ló kọ́lé sí.

Ní báyìí, gbogbo ọlọ́kọ̀ oníná wá ń fún ara wọn pa lẹ́yìn ilé káńsù, nídìí òpó tó lọ́ra. Awakọ̀ tákísì àti olùkọ́ kan tilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ja ìjà níbẹ̀. Agbẹ̀bí pàdé Kòmepo níwájú ilé ìfìwéránṣẹ́, ó dá a dúró.

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, níbo lẹ ti ń ríná ná? Mi ò rí ọjọ́ kan tí bátìrì tiyín lọ sílẹ̀."

"Ètò ni, Nọ́ọ̀sì," Kòmepo fèsì, ó ń nu ojú gíláàsì tó fi ń ríran. "Ẹni tó bá létòò kì í sáré kiri."

Obìnrin náà dúpẹ́. Ó dúpẹ́ ìmọ̀ràn lọ́wọ́ ẹni tó jókòó lé nǹkan rẹ̀.

Ọ̀sán ni ọ̀ràn dé. Agbẹ̀bí ti ń yí káàkiri láti àárọ̀, iná ọkọ̀ rẹ̀ ti ń lọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá, ni ìpè bá wọlé. Onígbàjámọ̀ tó ní ṣọ́ọ̀bù nítòsí ilé ìfìwéránṣẹ́ ni. Ọkùnrin náà ló ń gé irun fún Kòmepo fúnra rẹ̀.

"Nọ́ọ̀sì, ìyàwó mi ti ń rọbí! Oṣù ò tíì pé, ṣùgbọ́n ó ti ń rọbí! Wọ́n ní ọkọ̀ ilé ìwòsàn ti gbé ẹlòmíì lọ sí ìlú ńlá!"

"Ẹ jẹ́ kó fi ẹ̀gbẹ́ dùbúlẹ̀. Mo ń bọ̀. Ẹ má fi í sílẹ̀ o, mo ń bọ̀."

Ẹ̀yìn òkè ni wọ́n ń gbé, òkè náà sì ga. Agbẹ̀bí mọ̀ pé iná tó kù ò lè gùn ún. Ó yà sí ilé ìkàwé. Kò sí ọkọ̀ kankan níbẹ̀, àfi bébà tó ń mì lọ́rùn òpó. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó na ọwọ́ sí wáyà. Ó tún bébà kà: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ó fa ọwọ́ sẹ́yìn. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni, ohun tí ìjọba bá sì kọ ló ń tẹ̀ lé.

Ó sáré dé hòtẹ́ẹ̀lì. Ọlọ́dẹ ẹnu ọ̀nà tẹjú mọ́ ọkọ̀ rẹ̀ tó ní okùn.

"Ṣé àlejò wa ni yín, Mà?"

"Aboyún ló ń rọbí! Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni mo fẹ́!"

"Mo gbọ́, Mà. Ṣùgbọ́n máníjà ò sí nílé."

Bó ṣe fi hòtẹ́ẹ̀lì sílẹ̀ nìyẹn, ó ní bóyá orí á ṣe é. Orí ò ṣe é. Ní àárín òkè, ọkọ̀ náà mí kanlẹ̀, ó kú. Ó gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ gun òkè, títí ọkọ̀ akẹ́rù kan tó ń kó búlọ́ọ̀kù fi gbé e.

Nígbà tó wọlé, ọmọ ti bọ́ sọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Onígbàjámọ̀ gbé e mọ́ àyà. Ìyàwó rẹ̀ wà nílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń ya lára rẹ̀ bí omi ẹ̀rọ. Agbẹ̀bí ṣe gbogbo ohun tí ọwọ́ méjì lè ṣe. Wọ́n gbé obìnrin náà lọ sí ilé ìwòsàn ìlú ńlá. Kò kú. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó lè dá ẹ̀jẹ̀ náà dúró, wọ́n yọ ilé ọmọ rẹ̀.

Níbo ni Kòmepo wà ní gbogbo àsìkò yẹn? Ó ń fọ eyín fún olówó kan. Ọkọ̀ rẹ̀ wà lábẹ́ igi, bátìrì rẹ̀ kún dé ẹnu.

Ìyàwó rẹ̀ ló sọ ọ́ fún un nídìí oúnjẹ.

"Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìyàwó onígbàjámọ̀ yín? Àkọ́bí rẹ̀ nìyẹn o, òun náà ló sì di àbígbẹ̀yìn."

"Kí ló ṣe nọ́ọ̀sì tí kò tètè dé?"

"Ọkọ̀ rẹ̀ kú lọ́nà. Wọ́n ní òpó ilé ìkàwé ti bàjẹ́."

Ṣíbí Kòmepo dúró ní agbede méjì àwo àti ẹnu. Ìyàwó rẹ̀ rí i. Ó rò pé àánú ló ṣe é.

Àánú wo? Ẹ̀rù ni. Ẹ̀rù náà ò sì pẹ́ kó tó di ẹ̀gàn, nítorí ẹ̀gàn ló mọ̀ ọ́n ṣe jù. "Àìlétòò ni," ó wí, ó sì jẹ oúnjẹ rẹ̀ lọ. "Mo sọ fún obìnrin yẹn. Ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn, ṣé ó yẹ kó jẹ́ kí iná ọkọ̀ rẹ̀ lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀?"

Ká má parọ́ mọ́ ọn, ó yọ bébà náà lọ́jọ́ kejì. Ó jù ú sínú ọkọ̀, ó sì búra nínú ọkàn rẹ̀ pé ó tó. Bóun náà bá ti ń tò bí àwọn èèyàn, kí ló burú?

Kò tò ju ìgbà mélòó kan lọ. Ó débẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó bá ọkọ̀ olókùn yẹn lẹ́nu wáyà, ó bá tákísì lẹ́yìn rẹ̀. Ó jókòó, ó ń wo aago, ó ń wo agbẹ̀bí tó gbé orí lé ọwọ́ ìdarí ọkọ̀, tó ń sùn, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ díẹ̀.

"Ẹ wo ohun tí mo ń dúró dè," ni Kòmepo wí.

Kí ọ̀sán ọjọ́ kejì tó pé, bébà ti padà sí ọrùn òpó.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ibí yìí ni mo ti gbé ọwọ́ mi kúrò lọ́rọ̀ rẹ̀. Ẹni tí kò mọ ohun tó ń ṣe, a lè ní àìmọ̀kan ni. Ẹni tó ti mọ̀, tó ti gbọ́ nípa ẹ̀jẹ̀ tó kún ilẹ̀ nítorí rẹ̀, tó tún padà síbẹ̀ torí kó lè tètè jẹun ọ̀sán, kí la fẹ́ pe ìyẹn?

Nígbà tí agbẹ̀bí tún rí bébà náà, kò bẹ ẹnikẹ́ni mọ́. Ó lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà alága káńsù títí ọkùnrin náà fi gbà láti pe ìpàdé. Alága ní káwọn ará ìlú wá sọ̀rọ̀ lórí òpó ìṣáájì: ṣé kí wọ́n tún un ṣe, àbí kí wọ́n hú u dànù.

Àsìkò yẹn náà ni ìyá ìyàwó Kòmepo ti wá sílé wọn. Eyín ló bá wá. Àna rẹ̀ ti bá a ṣe odindi eyín àtọwọ́dá, tòkè tìsàlẹ̀. Iṣẹ́ náà dáa. Ọkùnrin yìí mọ iṣẹ́ eyín. Ìyá náà, tí kò ti rẹ́rìn-ín dáadáa láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, wá ń rẹ́rìn-ín sí olúkúlùkù, títí kan ajá àwọn ará ìsàlẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ ìpàdé, Kòmepo ní kóun fi ọkọ̀ gbé e yí ìlú ká kí wọ́n tó lọ sí gbọ̀ngàn káńsù. Ó yà sí ilé ìkàwé. Bó ṣe ń ṣí bébà lọ́rùn òpó, ìyá yọ orí jáde.

"Àna mi, kí lẹ̀ ń ṣí yẹn?"

"Ah, Màmá." Ó rẹ́rìn-ín ẹ̀tàn. "Èmi ni mò ń bá wọn mójú tó òpó yìí o. Tí èmi ò bá ti fọwọ́ kàn án, kì í ṣiṣẹ́."

"Ẹ̀yin náà tún ni! Eyín, ẹ̀yin! Iná, ẹ̀yin! Ọlọ́run á máa ràn yín lọ́wọ́."

Wọ́n fẹ́ pẹ́ dé ìpàdé, nítorí náà kò ráyè gbé bébà kọ́. Ó ki bébà náà bọ abẹ́ àga, ó wa ọkọ̀ lọ.

Gbọ̀ngàn kún. Ìyàwó rẹ̀ ti gba àga mẹ́ta sílẹ̀ níwájú. Alága káńsù sọ̀rọ̀ pé òpó náà ti di ìtìjú, pé kí wọ́n hú u. Agbẹ̀bí dìde.

"Ẹ má hú u. Òkè tí mo fi ẹsẹ̀ gùn lọ́jọ́ yẹn, mo ṣì ń gùn ún lójú oorun. Ẹ sáà bá wa tún un ṣe kó má bàjẹ́ mọ́."

Onígbàjámọ̀ wà lẹ́yìn, ó gbé ọmọ rẹ̀ lé apá.

Ta ló tún dìde? Kòmepo! Ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀ pé wọ́n fẹ́ hú oúnjẹ rẹ̀. Ó tún kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ ṣe.

"Ìlú tí kò lè tọ́jú ẹyọ òpó kan," ó wí, "kí ló fẹ́ fi ọkọ̀ ìgbàlódé ṣe? Ẹ ò lẹ́kọ̀ọ́. Ẹ ò létòò. Ohun tí gbogbo èèyàn bá ni, ẹ máa ń bà á jẹ́ ni. Mo bẹ̀ yín, kí ẹ tó hú nǹkan, ẹ wá àwọn tó mọ̀ ọ́n lò, kí ẹ fi í sọ́wọ́ wọn."

Àwọn èèyàn ń kùn. Inú ìyá ìyàwó rẹ̀ sì ń dùn ṣìnkìn. Ó rí i pé wọn ò mọ ẹni tí àna òun jẹ́. Ó di apá àga mú, ó dìde, eyín rẹ̀ ń dán.

"Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má hú u o! Òun tó ń sọ̀rọ̀ yìí ló mọ̀ ọ́n ṣe! Mo wà níbẹ̀ lónìí. Bó ṣe ṣí pátákó kékeré yẹn kúrò lọ́rùn rẹ̀ báyìí, iná dé! Ó ní tóun ò bá ti fọwọ́ kàn án, kì í ṣiṣẹ́."

"Màmá, ẹ jókòó," Kòmepo wí.

"Ẹ jẹ́ kí n yìn yín! Ẹ kì í fẹ́ kéèyàn yìn yín!"

Agbẹ̀bí rìn wá síwájú díẹ̀díẹ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀wọ́. Pátákó wo ló ṣí?"

"Èyí tó ní okùn. Tó funfun, tí wọ́n fi ọ̀rá bò."

"Kí ló wá fi ṣe? Ó gbé e fún àwọn káńsù ni?"

"Rárá o, ó wà nínú ọkọ̀ wa. Lábẹ́ àga tí mo jókòó sí."

"Màmá ti dàgbà," Kòmepo wí. "Wọn ò mọ ohun tí wọ́n ń sọ mọ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló ṣe é. Ìyàwó rẹ̀ yí ojú sí i. Ó wò ó pẹ́, bí ẹni ń ka ìwé tó ti kà tẹ́lẹ̀ láì yé e. Mo rò pé ṣíbí tó dúró nídìí oúnjẹ lọ́jọ́sí ló ń rántí. Ó dìde, ó ṣí àpò rẹ̀, ó mú kọ́kọ́rọ́ kejì ọkọ̀ náà jáde.

"Níbo lò ń lọ?" Kòmepo di ọwọ́ aṣọ rẹ̀ mú.

"Ẹ fi mí sílẹ̀. Ẹ ní ìyá mi ò mọ ohun tó ń sọ. Ẹ jẹ́ ká lọ wò."

Gbogbo gbọ̀ngàn ló ń gbọ́ ìró bàtà rẹ̀ bó ṣe ń jáde, wọ́n sì gbọ́ bó ṣe ń padà bọ̀. Ó gbé bébà náà lé orí tábìlì alága. Àmì káńsù wà lórí rẹ̀ lóòótọ́. Alága gbé e sókè, ó yí i wò níwá lẹ́yìn.

"Ẹ̀rọ wa ò tẹ irú èyí rí," ó wí.

"Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé," Kòmepo wí. Àlàyé tó ṣe ni pé òun ń dán àwọn ará ìlú wò, láti mọ̀ bóyá wọ́n lè ronú fúnra wọn. Ẹ gbọ́! Ní ojú ọmọ tí ìyá rẹ̀ ò lè bí òmíràn mọ́!

Kò sẹ́ni tó lù ú. Ó rò pé wọ́n máa lu òun, ó tilẹ̀ ti gbé apá bojú. Onígbàjámọ̀ sáà gbé ọmọ rẹ̀ sí èjìká kejì, ó sì jáde. Agbẹ̀bí ló sọ̀rọ̀.

"Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín níwájú ilé ìfìwéránṣẹ́," ó wí. "Ẹ rántí? Ẹ dá ọpẹ́ mi padà."

Káńsù gbé e lọ sílé ẹjọ́ lórí àmì káńsù tó jí lò, adájọ́ sì dá a lẹ́bi. Ìyẹn kọ́ ló dùn ún jù. Ilé ìtọ́jú eyín rẹ̀ dá páro. Eyín á máa ro àwọn èèyàn, wọ́n á wọkọ̀ lọ sí ìlú mìíràn. Ìyàwó rẹ̀ kó aṣọ, ó mú ọmọ wọn, ó tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ lọ. Kí wọ́n tó lọ, ìyá gun àtẹ̀gùn padà, ó bá a níbi tó jókòó sí. Ó yọ eyín lókè, ó yọ ti ìsàlẹ̀, ó tò wọ́n sórí tábìlì níwájú rẹ̀.

"Màmá, kí lẹ fẹ́ máa fi jẹun?"

"Èrìgì," ìyá wí. "Òun ni Ọlọ́run fún mi. Irọ́ ò sí níbẹ̀."

Ó ta ọkọ̀ náà nígbà tó yá. Ó ń fi ẹsẹ̀ rìn. Tó bá kọjá níwájú ilé epo, kì í gbójú sókè.

Irun rẹ̀ wá di ìṣòro. Kò lè dé ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀, ó ń gé e fúnra rẹ̀ níwájú dígí, orí rẹ̀ dà bí oko tí ewúrẹ́ wọ̀. Lọ́jọ́ kan ó gba ara rẹ̀ níyànjú, ó wọ ṣọ́ọ̀bù náà. Àwọn mẹ́ta wà lórí bẹ́ǹṣì. Wọ́n sún, wọ́n fún un láyè púpọ̀ ju èyí tó nílò lọ. Ó jókòó, ó ń dúró. Ọmọ kan ń gbin lẹ́yìn kọ́tìnnì, obìnrin kan sì ń rọ̀ ọ́ pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́.

Nígbà tó kàn án, onígbàjámọ̀ na ọwọ́ sí àga. Ó ta aṣọ sí i lára, ó so ó lọ́rùn.

"Mo wá bẹ̀ yín," Kòmepo wí.

"Ẹ má mirí, Dókítà."

Ó gé irun náà dáadáa. Ó tún iwájú orí rẹ̀ ṣe, ó fá ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀, abẹ ń rìn lórí awọ ara rẹ̀ láì ha á níbì kan. Omi ń bọ́ lójú Kòmepo, kò sì lè nù ún nítorí ọwọ́ rẹ̀ wà lábẹ́ aṣọ. Onígbàjámọ̀ gbé dígí kékeré sẹ́yìn orí rẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe fún gbogbo èèyàn.

"Ó dọ́gba?"

"Ó dọ́gba. Ẹ jọ̀ọ́, lórí ọ̀rọ̀ ìyàwó yín..."

"Ẹni tó bá jókòó sórí àga yìí ni mò ń gé irun fún," onígbàjámọ̀ wí. "Èmi kì í yan ẹni."

Ó tú aṣọ lọ́rùn rẹ̀, ó gbọ̀n ọ́n. Irun bọ́ sórí bàtà Kòmepo. Ó ṣì jókòó síbẹ̀, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà ti gbójú kọjá orí rẹ̀ sí bẹ́ǹṣì.

"Ẹni tó kàn!"